Adìyẹ Mẹ́ta fún Wíwò, Òfo fún Pípa

                                        Abúlé Kibulay,
                                        Ẹsẹ̀ Òkè Kitanglad,
                                        Bukidnon.
                                        9 Oṣù Kẹfà, 2011.

Perlita, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ìyá rẹ ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àmọ́ inú ń bí mi débi pé ìrẹsì jóná mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí.

Rodelio àbúrò mi ló fà á. Eku ń jẹ kúkúńdùnkún rẹ̀. Dípò kó dẹ pàkúté sóko, inú igbó lókè lọ́hùn-ún ló lọ dẹ ẹ́ sí, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀mí tó ni igbó. Ohun tó mú kì í ṣe eku. Ẹranko onímú gígùn yẹn ni, èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì wá wò lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní ẹbí lílì ni bí kò tilẹ̀ lẹ́gùn-ún. Ṣé o rántí bí bàbá mi ṣe máa ń fi í hàn wá tí ẹranko náà bá ń tú ekòló jẹ lábẹ́ ewé? Kì í jẹ kúkúńdùnkún. Orí àwọn òkè erékùṣù wa nìkan ló wà. Bó bá tán níbí, ó tán láyé nìyẹn. Rodelio so òkú àwọn tó mú ní ìrù mọ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tó bá pa ohun igbó láìtọrọ, adìyẹ ni yóò fi bẹ̀bẹ̀, yóò sì ká pàkúté rẹ̀ kúrò. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá olórí wa, Datu Ampilay, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ní eku leku ń jẹ́, òun ò ní torí eku da adìyẹ láàmú. Rodelio bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún eku ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Mo ní fún Datu pé, "Bàbá, àwọn tó wá wò ó lásán, adìyẹ mẹ́ta lẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó pa á ńkọ́?"

Ẹ̀rín tán. Ó ní, "Àlejò nìyẹn, Felisa. Ọmọ wa nìyí. Lọ jókòó."

Perlita, ó dùn mí dé ọkàn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àṣà tí a kò lè fi mú ọmọ wa, kí la ń gba adìyẹ àlejò sí?

N kò jókòó. Mo gun òkè lọ lọ́sàn-án àná, mo ká gbogbo pàkúté náà, abẹ́ ibùsùn mi ni wọ́n wà. Láàárọ̀ yìí ni Rodelio wá ń jágbe mọ́ mi, ìgbà yẹn gan-an ni ìrẹsì jóná. Mo ní kó mú adìyẹ kan wá gbà wọ́n. Ó lọ fẹjọ́ sun Bàbá Datu, Bàbá sì ránṣẹ́ pé òun fúnra òun ń bọ̀. Mo ránṣẹ́ padà pé kí Bàbá máa bọ̀, àmọ́ adìyẹ ti di méjì.

Bá mi kí ìyá rẹ àti ọkọ rẹ. Bí o bá ń bọ̀ nígbà ìkórè, ọwọ́ òfo ni kí o mú wá; ìwọ ò pa nǹkan kan.

Èmi ni tìrẹ, tí inú ṣì ń bí,
Felisa