Òrùka Olókùúta fún Ẹfúnwùmí

Ilé Ṣàngódélé,
Adja-Ouèrè,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 1921.

Àlàgbé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀? Àgbá epo tí ẹ ń gbé sínú ọkọ̀ ojú omi ńkọ́, ṣé kì í mú kí ẹ̀yìn dùn ọ́ jù? Ìyá rẹ kí ọ. Ara rẹ̀ ti yá, orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò tíì gbàgbé ojú rẹ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrùka tí o rán mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní kí n wá òrùka olókùúta aláwọ̀ tó rẹwà, irú èyí tí o rí lọ́wọ́ àwọn ìyàwó òyìnbó, kí n gbé e fún Ẹfúnwùmí kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè mọ̀ pé o kò tíì jáwọ́. O kúkú mọ̀ pé Fábọ̀dé ará Oko-Akarè náà ti ń tọrọ rẹ̀. Ohun ìyàwó òyìnbó lo fẹ́, owó alábàárù lo fi rán mi.

Mo dé Ikpinlè, mo dé Kpoulou, n kò rí ju òrùka idẹ lásán lọ. Ọjà Pọbẹ̀ ni mo ti bá Gàmbàrí kan pàdé tó di òrùka sínú àkísà. Aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tó ń dán, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi lé ahọ́n, kíá ló gbóná. Òkúta gidi a máa tutù lẹ́nu. Àfọ́kù ìgò lèyí. Gàmbàrí rẹ́rìn-ín, ó wá mú ojúlówó jáde, òkúta pupa tí wọ́n lọ̀ dán ní Ìlọrin. Etí rẹ̀ kan ti kán díẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó rẹ fi ká a.

Ọmọ onílé Ṣàngó ni mí. Lójú tèmi, kò sí àwọ̀ tó ju pupa lọ. Mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Ìyábùnmi, ìyá Ẹfúnwùmí, kàn tú àkísà wò ni, ó sì dì í padà. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ò mọ ilé tí o wọ̀ ni? Òrìṣà-ńlá là ń sìn níbí. Òrí la fi ń se ọbẹ̀, epo pupa gan-an a kì í jẹ ẹ́. Àbí Àlàgbé ò mọ ilé tó ti fẹ́ fẹ́ ọmọ?” Ojú tì mí fún àwa méjèèjì. Fábọ̀dé kò ní í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láé, ilé Òrìṣà-ńlá ni wọ́n bí òun náà sí.

Mo padà sọ́dọ̀ Gàmbàrí. Kò dá owó padà, ṣùgbọ́n ó gbà kí n fi pupa pààrọ̀ funfun kan tó mọ́ bí omi ìsun, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ògúntóyè alágbẹ̀dẹ ní Kpoulou bá mi yọ́ òjé, nítorí òjé ni ti ilé Òrìṣà-ńlá, kì í ṣe idẹ, ó sì fi òkúta náà sí i. Àlàgbé, ó rẹwà. Bí oòrùn bá kàn án, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló ń yọ nínú rẹ̀.

Wọ́n gbà á. Ìyábùnmi fúnra rẹ̀ ló fi sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, inú mi sì dùn gan-an. Nígbà tí mo ń lọ, Ẹfúnwùmí sìn mí sọ́nà. Ó wo ìka rẹ̀ títí, ó ní, “Bá mi kí i, ó ṣé o. Òrùka náà wọ̀ mí. Ṣùgbọ́n Fábọ̀dé kó ọ̀wẹ̀ wá sí oko bàbá mi lánàá. Òrùka ò lè bá bàbá mi kọ ebè.”

Ohun tó sọ nìyẹn, n kò fi kún un. Bá mi kí Òkè àbúrò rẹ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbélé. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ kí ọ.

Apá ìsàlẹ̀ odò nínú oko bàbá náà ṣì wà tí wọn kò tíì kọ. Ọkọ́ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá rẹ. Mo ti bá ọ pọ́n ọn.

Èmi ni, Ṣàngódélé tìrẹ.