Ife Tíì Tí Ẹ Gbé fún Mi Lójú Oorun

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sínú tíì yẹn?

Mo ti wá a káàkiri Bódìjà, mi ò rí ohun tó jọ ọ́. Láti ọdún mẹ́ta tí a ti sin yín ni èmi àti Tiwá ọmọ mi ti kó wá sílé yín. Lọ́jọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, oorun ọ̀sán gbé mi lọ lórí àga gígùn. Ẹ̀yin wà lórí àga yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ tíì náà wò bí ìṣe yín, ẹ fi etí ìró nu ẹnu ife, ẹ yí ọwọ́ ife sọ́dọ̀ mi. Mo gbà á, mo mu ún. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni mo tó rántí pé ẹ ti kú.

Mo jí, ó ṣì wà lẹ́nu mi. Ó dùn bí oyin, àmọ́ ohun kan bí iyanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó há mi léyín. Mo fi omi yọ ẹnu títí, kò lọ.

Mi ò lè pa á mọ́ra, mo sọ fún àbúrò yín, Àǹtí Mọ́níyà. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ta ló ń gba nǹkan mu lọ́wọ́ òkú, pé ẹni tó bá mu ún ti jẹ́ ìpè. Wọ́n wọ sùtánà wá, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí gbogbo ilé, títí kan orí tẹlifíṣọ̀n mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá rí tíì náà rà lọ́jà, a jẹ́ pé ohun ayé ni, àlá lásán ni mo lá.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíì. Koóko ọba, ewé tíì ẹ̀yìnkùlé wa, ń ta sánsán bí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn òjò; ó dára, kì í ṣe òun. Atalẹ̀ ta mí lọ́fun bí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. Sóbò kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Míńtì dà bí ìgbà tí mo gbé ọṣẹ ìfọyín mì. Mo ra ọ̀kan ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n ya èso pupa sára páálí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, mo fẹnu kàn án, omi gbígbóná lásán. Ẹ̀yin ìbá ti dà á nù. Èyí tó kù ni òdòdó gbígbẹ tí wọ́n ní ó ń múni sùn. Ó mú mi sùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò wá. Ó dùn mí pé ẹ ò wá. Ṣé ẹ rí i pé mo ti ń yán hànhàn fún un?

Lánàá, Tiwá jí lójú oorun ọ̀sán, ó ń lá ètè. Ó ní òun fẹ́ tíì. Mo gbé gbogbo wọn fún un, ó ń tì wọ́n dànù. Ó ní tìyá àgbà lòun fẹ́, èyí tó dùn tó ní iyanrìn nísàlẹ̀. Mi ò sọ ti iyanrìn fún ẹnikẹ́ni, títí kan Àǹtí Mọ́níyà. Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó nígbà tí ẹ kú wá fi etí aṣọ rẹ̀ hàn mí bí ẹ ṣe nu ẹnu ife.

Lónìí, ọmọ tí à ń bẹ̀ kó tó sùn lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló gun àga gígùn, ó dijú. Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń mu nǹkan, mo jí i, jí i, kò jí.

Màámi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ ẹ gba ife lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo ti se koóko ọba, mo gbé e sórí àga yín, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ dandan kí ẹnìkan bá yín mu ún, èmi ni kí ẹ pè.

Tiwá ti jí. Ó ní ebi ń pa òun, kò béèrè tíì rárá. Ẹ ṣeun.

Mo wo orí àga yín. Ẹnu ife náà ti gbẹ bí èyí tí a fi etí ìró nù, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kọjú sí mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì fọwọ́ kan ife náà.