Mò Ń Wá Ibi Pẹrẹsẹ fún Avis

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kìíní

Avis fẹ́ ta ilé. Bó ṣe ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Àjẹ́ńtì á wá kan pátákó síwájú ilé lọ́jọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì kó lọ bá Joelle ọmọ ẹ̀ ní Arizona, níbi tí òtútù ò ti mú. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Glenna, kí ni mò ń ṣe níbí látoṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin? Mò ń wo sítóòfù, sítóòfù ń wò mí." Látìgbà tí Russell ọkọ ẹ̀ ti kú, kì í jáde mọ́ àfi sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnu mi ò lè dákẹ́. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ kan péré, màá mú un lọ fi bàtà yìnyín, bàtà gbàgàdà tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, rìn lórí òkè. Bó bá gbádùn ẹ̀, kó dúró. Ó wo orúnkún ẹ̀, ó wò mí. "Ọjọ́ kan. Ibi tó bá máa pa mí, mi ò lọ." Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò wọ bàtà yìnyín rí, nínú ìlú tí àwa yòókù ń wọ̀ ọ́ lọ kí ara wa!

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kìíní

Mo bi Orrin tó ń gbé òdìkejì títì pé níbo ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́. Kò síbi tí kò tẹ́jú lójú ọkùnrin yìí, Baba Pẹrẹsẹ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ó ní kí n lọ sí Adágún Coombs. "Pẹrẹsẹ ni, Glenna. Èèyàn lè fojú oorun rìn débẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kìíní

Pẹrẹsẹ kọ́. Pẹrẹsẹ kọ́ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ dára, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀nà náà dìde dúró. Mo fọwọ́ fẹsẹ̀ gùn ún, eyín irin abẹ́ bàtà ń họ omi dídì. Mo dókè, mo jókòó, mo sì ṣàdúrà fún Orrin lọ́nà tí mi ò lè kọ síbí. Àìsàn gbogbo ará ìlú wa nìyí: ẹni tó ti ń gun òkè láti kékeré kì í mọ òkè mọ́, òkìtì là ń pè ní pápá. Èmi náà ní in. Orúnkún Avis ni kí n máa fi wo nǹkan.

Agogo mẹ́rin, mo yà lọ sọ fún Avis. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Pẹrẹsẹ nìyẹn? Bá mi kí Orrin o." Ó bu ọbẹ̀ àgbàdo onímílíìkì fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kìíní

Baba Pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìsìn: "Èyí tó dìde yẹn? Ìyẹn kì í ṣe òkè. Ilẹ̀ ló kàn gbéra sókè díẹ̀."

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kìíní

Adágún ńlá. Ó tẹ́jú lóòótọ́, omi tó dì kì í gun òkè. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn! Ó gba fìlà mi, ó gbé e lọ sí ìlú kejì. Omi dídì sì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ikùn màlúù. Kò léwu, àwọn apẹja ń wa mọ́tò lórí ẹ̀ — ṣùgbọ́n kí Avis gbọ́ ìró yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, Arizona ló máa bára ẹ̀. Mo fagi lé ibẹ̀.

Mo lọ ròyìn. Mo tiẹ̀ fẹnu dún bí omi náà. Ó ní kí n tún un dún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kìíní

Ibùdó síkì, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí yìnyín. Ilẹ̀ títẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kọfí gbígbóná. Inú mi ti ń dùn. Mò ń wo ẹyẹ, mi ò wo ẹsẹ̀ mi — mo sì ti fi bàtà gbàgàdà mi tẹ ipa síkì tí wọ́n là fọ́, ó tó ogójì ìṣísẹ̀. Èmi! Èmi tí mo ń kọ́ àwọn àlejò pé ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n máa gbà! Obìnrin kan tó ń bọ̀ lórí síkì dúró, ó wo ipa náà, ó wò mí. "Màmá, kí la fi ṣe yín?" Ojú tì mí. Mo ní àlejò ni mí, láti Florida. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń mú lẹ́tà wá fún wa kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì?"

Nígbà tí Avis gbọ́, imú ni tíì gbà jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kìíní

Igbó igi ṣúgà ìdílé Lamoureux, igi tí wọ́n ń fi omi ara ẹ̀ se ṣúgà. Ó tẹ́jú, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àmọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi igi ta láti igi dé igi, ó bá ọrùn mi gẹ́lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi há. Avis fi ìpara pa á fún mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń pa á.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kìíní

Yìnyín látàárọ̀. Mi ò jáde. Avis pè ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, ó ní ṣé ara mi ò yá ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kìíní

Mo rí i! Ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti hú irin ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í gun òkè gọ̀ǹgọ̀, nítorí náà pẹrẹsẹ gidi ni, kì í ṣe ti Orrin. Igi dí atẹ́gùn lọ́tùn-ún lósì, òkè ńlá sì ń yọjú láàárín wọn, ó jìnnà débi pé bí yìnyín bá ya lára ẹ̀, kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Fóònù ń wọlé. Bẹ́ǹṣì wà ní ìdajì máìlì. Ọ̀nà téèyàn bá lọ náà ló máa bá padà, Avis ò lè ṣìnà bó bá tiẹ̀ fẹ́.

Orrin yínmú. "Ìyẹn kì í ṣe orí òkè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni." Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni mò ń wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kejì

Yìnyín tún jábọ́ lánàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ẹni tó bá ṣíwájú nínú yìnyín tuntun ló ń jìyà, ẹni tó tẹ̀lé e á máa rìn bí ẹni wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo lọ tẹ ọ̀nà rélùwéè náà sílẹ̀ fún Avis. Àlọ, àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Itan mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ní sọ fún un.

Ẹ̀rù ń bà mí. Àwa méjì péré la kù nínú ọmọ ìyá wa. Bó bá lọ, ta ni màá máa bá jiyàn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kejì

Ó kórìíra ẹ̀.

Oòrùn ràn, ewé kan ò mì, ọ̀nà tí mo tẹ̀ dán bíi tábìlì. Mo so bàtà náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fi bàtà kan tẹ ìkejì mọ́lẹ̀, ó ṣubú. Mo fà á dìde. Ó tún gbéra, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì bíi pẹ́pẹ́yẹ. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí? Títí lọ báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ̀yin èèyàn yìí ò ríṣẹ́ ṣe."

A dé ibi bẹ́ǹṣì. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó fẹsẹ̀ tì wọ́n sápá kan. Mo bu tíì nínú fláàsì. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo lè wá ibòmíì tó rọrùn jù yìí lọ." Ó ní kò síbi tó rọrùn jù yìí lọ, àfi orí bẹ́ẹ̀dì òun. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bíi ọmọdé.

Ló bá ní òun ti pe àjẹ́ńtì lánàá, pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Lánàá kẹ̀? Kó tó rìn rárá?

"Ọdún méjì tí Russell ti kú, Glenna, ẹ̀ẹ̀mélòó lo wọlé wá jókòó tì mí? Ojú títì lo ti máa ń juwọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ibikíbi tó o bá lọ lò ń ti ibẹ̀ yà wá. Wàá bọ́ bàtà, wàá jẹun, wàá fẹnu dún bí adágún. Ṣé o rò pé yìnyín ló ń lé mi lọ ni? Aláìmọ̀kan."

Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá, mo sì ń tan ara mi pé ó fẹ́ dá wà ni. Ojú tì mí ju ti ibùdó síkì lọ.

Ó mu tíì ẹ̀ tán, ó gbọn ife dànù sórí yìnyín. Ó ní òun ò ní fi bàtà burúkú yìí rìn mọ́ láéláé, bàtà òun lásán lòun máa wọ̀ padà. Ó wá bi mí pé ibo ni mò ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

"Wá ibi tó burú. Èyí tó rọrùn ò dùn-ún gbọ́."