Ọ̀lẹ Inú Ẹ̀wà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Èmi ni mò ń sọ, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ. Akọ̀wé ni mo ń pè é. Akọ̀wé, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe! Mo ṣí agolo Olóríkunkun lónìí. Ọkọ mi nìyẹn, bàbá bàbá Akọ̀wé — ọdún mẹ́rin rèé tó ti lọ. Ẹ̀wà tó máa ń gbìn sẹ́yìn ilé ló wà níbẹ̀, pupa tó lójú funfun. Kòkòrò ti lu gbogbo ẹ̀ di ìyẹ̀fun. Hóró mẹ́fà péré ló kù. Mo ti wá irú ẹ̀ lọ́jà títí, n ò rí. Tí mẹ́fà yìí ò bá hù, ó ti tán nìyẹn. Mo rẹ wọ́n sómi nínú ife.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Yéè! Ọwọ́ mi ṣe mí. Mo kàn ní kí n wò wọ́n ni o. Mò ń bá aránṣọ ilé kejì sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé — kí n tó mọ̀, ọwọ́ ti bó èèpo méjì! Ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń rẹ ẹ̀wà tí mo ń bó o, ọwọ́ ò mọ̀ pé tòní kì í ṣe ti ìkòkò. Aránṣọ ní, ìyá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ gbìn ín ni àbí ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́? Ọ̀kan tiẹ̀ là sí méjì.

Akọ̀wé gbé ìwé ilé-ìwé ẹ̀ wá. Ó ní èèpo ni aṣọ ẹ̀wà, abala méjèèjì ni oúnjẹ ẹ̀. Ó wá kà á pé ọ̀lẹ kan wà láàárín wọn. Ọ̀lẹ kẹ̀? Nínú ẹ̀wà ọkọ mi? Ó ní Màmá, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, wọn ò kàn fi àmì sí i ni. Háà! Ọlẹ̀ ni, ọmọ mi! Ọlẹ̀, irú èyí tó máa ń sọ nínú aboyún! A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

A wo èyí tó là. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kíún báyìí, ó ká jọ, ó ti pa ewé méjì mọ́ra. Gbogbo èyí tí mo ti lọ̀ láyé mi, n ò kí i rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbin márùn-ún. Olóríkunkun ní ojú ẹ̀wà gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Lọ́dún tá a fẹ́ra, mo bi í pé nítorí kí ni. Ó ní, ìwọ náà, ṣé o máa ń lajú sùn? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbìn. Èmi, méjì-méjì, kí wọ́n lè máa rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ni ò ní jẹ́ kí wọ́n hù.

Lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gbìn ín. Ó ti borí.

Èyí tí mo bó ṣá, ojú ẹ̀ ti bá èèpo lọ. N ò mọ òkè ẹ̀, n ò mọ ìsàlẹ̀. Mo kàn tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo fìka tú ilẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó wọṣọ ti rà, wọ́n rọ̀ bí ọṣẹ. Akọ̀wé sunkún. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Kọ ọ́. Ọ̀lẹ oníhòòhò nìkan ló kù, n ò sì jẹ́ tú u. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó HÙ! Èyí tí mo bó! Ó tẹ ọrùn, ó fi orí ru abala méjèèjì bí ẹni ń ti odò bọ̀. Mo ké sí aránṣọ: ẹ wá wo èyí tí mo fẹ́ lọ̀! Olóríkunkun, ṣé o rí i? Kò lójú, ó sì mọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ewé ti ń yọ dáadáa. Abala méjèèjì ti hun jọ. Mo rò pé àìsàn ni, Akọ̀wé ní rárá, ọmọ ló ti jẹ wọ́n, tó bá yó tán wọ́n á já bọ́. Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan já. Mo ṣà á, mo fi í sínú agolo.

Èkejì ṣì dì mọ́ ọn. Akọ̀wé ní kí òun bá a já a, kó lè mọ́ tónítóní. Mo ní fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó wo ọmọ náà díẹ̀ sí i.