Púpurú Tútù Tí Màmá Ń Jẹ

Adésọjí àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní Igbódìgò. Ka èyí kí o tó wọ yàrá Màmá.

Láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ, tí a sì ra máíkírówéèfù tí ń mú oúnjẹ gbóná fún wọn, púpurú tútù, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ni wọ́n ń jẹ. Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ̀. Wọ́n gbé odidi púpurú àná sínú rẹ̀. Etí púpurú náà le gbagidi, àárín rẹ̀ tutù, àárín yẹn ni wọ́n sì ń bù jẹ.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ rà á fún mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n lò."

Lọ́sàn-án, gé púpurú wọn wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ sínú abọ́, wọ́n omi sí i, dé e, kí o sì gbé e sínú máíkírówéèfù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, rò ó pọ̀, kí o tún gbé e padà. Mo kọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ kan rò ó, abọ́ á máa sá lọ. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Má bá wọn sọ ọ́. Ṣáà bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà, kí wọ́n má baà máa jẹ ti tútù láìjẹ́ kí o mọ̀.

Títíladé