Kí Bàbá Délé Mú Kọ́kọ́rọ́ Ilé Adìẹ Bọ̀

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Ẹlẹ́yẹlé níhìn-ín, mo sì kí Bàbá mi. Mo gbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń rọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Fúnmiláyọ̀ àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí fún wọn, mo kí ọ. Rọra kà á, má sì fo ibi tí mo ti dá ara mi lẹ́bi.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí lẹ́tà mi lọ́tẹ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé tí mo fi dójú ti àbúrò yín, Bàbá Délé, gbangba ni wọ́n ti kà á. Kò tọ́ kí n wá fi ẹ̀bẹ̀ pamọ́ sínú àpòòwé.

Ẹ ní kí awakọ̀ lọ́rì bi mí ohun tí mo fi àbúrò yín ṣe, tí wọ́n fi padà délé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí nìyí.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí ìjọba kọ́ mi. Abúlé dé abúlé ni mò ń lọ láti yẹ ilé adìẹ wò. Bí mo bá rí àbùkù, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé, mo máa kan ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn, kí ọmọ olóko tó mọ̀wé lè kà á fún un, kí ẹni tó bá tún wá lẹ́yìn mi sì lè rí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kì í rò ó mọ́ kí n tó ṣe é.

Nígbà tí ẹ ní kí Bàbá Délé wá gbé lọ́dọ̀ mi kí dókítà lè tọ́jú ojú wọn tó ń ṣe bàìbàì, inú mi dùn ju bí mo ṣe sọ lọ. Èrò pọ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àkànní níbí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n fi oríkì jí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ọ dópin.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gba awò ojú ni ẹ fi adìẹ mẹ́jọ ránṣẹ́ nínú lọ́rì, tí ẹ ní ẹ fẹ́ kí opípí yín pamọ fún yín, nítorí irú rẹ̀ ti ń tán nílé. Ìrìn àjò iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì ti wà níwájú mi. Mo kàn sọ fún Bàbá Délé, káfíńtà ilé wa, pé kí wọ́n bá wa kan ilé fún adìẹ ìyá mi kí n tó dé. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń sọ bí ìṣó ṣe gbọdọ̀ gùn tó fún àwọn olóko!

Nígbà tí mo dé, ilé adìẹ ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Màámi, ó rẹwà. Kọ́bọ́ọ̀dù gan-an ni. Pákó bá pákó mu débi pé abẹ́rẹ́ kò lè wọ àárín wọn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa láìdún, ó ní àgádágodo, wọ́n sì ti fi fáníṣì kùn ún títí ó fi ń dán.

Àmọ́ kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Adìẹ kì í làágùn bí ènìyàn. Ẹnu ni ó fi ń mí ooru jáde. Bí ẹ bá ti mẹ́jọ mọ́ inú àpótí nínú ooru tó ṣáájú òjò yìí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á kún fún ọ̀rinrin, òórùn ìgbẹ́ wọn á sì máa ta wọ́n lójú àti lọ́nà ọ̀fun. Iwájú ilé náà ló yẹ kó jẹ́ àwọ̀n wáyà láti àárín dé òkè. Ó sì yẹ kí igi wà tí wọ́n á bà lé, kí wọ́n má baà sùn sórí ìgbẹ́. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo bá adìẹ funfun yín ní òkú, àwọn yòókù sì ń la ẹnu sókè.

Inú bí mi. Mo fa ìwé yọ, mo kọ àbùkù márùn-ún sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kò yẹ fún adìẹ láti gbé, mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, mo gba ibi iṣẹ́ lọ, àfi bíi pé ọgbà àjèjì ni.

Akọ̀wé kan wà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Òun ló kà á sókè, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo agboolé. Wọ́n ní ó kéde pé ìjọba ti dá ẹjọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, pé kí wọ́n wá wo pósí adìẹ. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ Bàbá Délé bóyá àwọn adìẹ ló sọ fún wọn pé àwọn ní aṣọ tí àwọn fẹ́ kó sí i.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, Bàbá Délé bi mí bóyá èmi ni mo kọ ìwé náà. Mo ní èmi ni. Níbẹ̀ ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé lójú gbogbo ènìyàn, tí mo fa tépù ìwọ̀n yọ, tí mò ń tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ká ẹní wọn, wọ́n ti wọ lọ́rì ní Dùgbẹ̀.

Àsìkò náà ni mo tó rántí ohun tí gbogbo wa mọ̀: pé ṣọ́ọ̀ṣì ilé ti dá kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn fún un padà, nítorí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, àti pé ilé adìẹ yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn tí wọ́n gba awò. Mo wo àpótí tí wọ́n kàn fún mi nígbà tí mò ń lọ ilé ìwé. Àwọn ìwé mi ṣì wà nínú rẹ̀, ikán kò jẹ wọ́n, eruku kò wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe kan ilé adìẹ náà nìyẹn.

Mo kó àwọn adìẹ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Opípí kọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ibẹ̀ ló yé sí, ibẹ̀ ló sì ti ń sàba báyìí. Adìẹ tó ń sàba a máa fẹ́ ibi tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn kò dé. Wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Fúnmi, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ìkòkò omi nínú òkùnkùn ni àwọn adìẹ wa ti máa ń pamọ? Ohun tí Bàbá Délé rí láti kékeré nìyẹn. Ẹ ní ẹ fẹ́ ọmọ adìẹ, wọ́n sì kan ilé tí adìẹ lè pamọ sí. Èmi ni mi ò bi wọ́n léèrè.

Mi ò ní purọ́ nítorí ẹ̀bẹ̀: kò tíì yẹ fún adìẹ méje láti sùn sí. Mo ti ra àwọ̀n wáyà ní Dùgbẹ̀. Káfíńtà kan ní òun á bá mi gé iwájú rẹ̀, mo ní rárá. Ẹni tó so pákó wọ̀nyẹn pọ̀ ló mọ ibi tí a lè gé tí kò fi ní tú. Ìwé tí mo kàn, mo ti yọ ọ́ lójú gbogbo agboolé, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ojú ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára fáníṣì náà.

Ẹyin mọ́kànlá ni opípí ń sàba lé. Mo fi iná àtùpà yẹ̀ wọ́n wò: mẹ́sàn-án lẹ́mìí nínú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa pa. Ṣùgbọ́n ẹtà ń rìn kiri létí omi Ẹlẹ́yẹlé, okùn ni mo sì fi ń so ilẹ̀kùn náà, nítorí inú àpò Bàbá Délé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n mú un bọ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà bá jáde.

Ẹ bá mi kí Ìyá Délé, àwọn ará ilé lókè àti nísàlẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin àti Bàbá mi ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà, kí ó sì la ojú àbúrò yín kedere.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé Àkànní,
Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.