Báńkì Tí Kò Ní Kántà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Owó aṣọ iléèwé tí mo rán ti wọlé. Mo gbé e lọ sí báńkì ìsàlẹ̀ àdúgbò fúnra mi. Eyínfúnjowó ló wà ní kántà — ẹ̀gbọ́n baálé mi obìnrin. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn. Eyín náà sì funfun lóòótọ́. Ó ka owó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, ọwọ́ rẹ ti ń ròkè o." Mo ní àmín. Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá oníná ni mo ń tu owó yìí jọ fún. Tí mo bá rà á, mi ò ní máa gbé aṣọ lọ bẹ ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà
Màmá pè. Ìyá ọkọ mi. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn ti wó.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà
Mo jókòó, mo rò ó wò. Tí mo bá fi owó kékeré pamọ́, òrùlé Màmá á jò. Tó bá pọ̀ díẹ̀, kànga á gbẹ. Owó aṣọ iléèwé wá wọlé, odidi ògiri wó! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo sọ fún baálé mi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ iye owó mi fún Màmá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé, kí n ṣáà fowó ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè fi okùn sójú abẹ́rẹ́. Màá gbẹ̀san. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà
Mo lọ bá Dókítà Fóònù, tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Mo ní kó fi àwọn báńkì orí fóònù hàn mí. Ó ṣí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, èlé rẹ̀ ga bí òkè, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fún wọn láṣẹ. Ká fò ó. Ìkejì, èlé dáa, wọ́n kàn ń yọ owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ìkẹta, èlé ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìjọba mọ̀ wọ́n, èèyàn sì lè ti owó mọ́lé títí di ọjọ́ tó bá wù ú. Ó ní, "Màdáàmù, ìkejì ni kẹ́ ẹ mú." Èmi ò gbọ́ ti èlé. Mo ní, ìkẹta yẹn, ṣé ó ní kántà? Ẹ̀rín pa á. Kò ní kántà, kò ní ilé, kò sẹ́ni tó ń kàwó. "Kọ̀ǹpútà nìkan ni."
Mo mú ìkẹta.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà
Mo forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò ojú mi. Mo wọ wíìgì tuntun, mo lẹ irun ìpéǹpéjú, mo kun ètè. Ta ló jọ mí! Mo lọ kó gbogbo owó mi kúrò ní báńkì kántà, mo tì í mọ́lé nínú tuntun di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Eyín ò yọ síta lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà
Ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ. Mo dìde. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ní: ṣé ẹ ò rí i pé bí owó yín bá ti wọ báńkì ìsàlẹ̀ yẹn, ni ẹbí ti ń gbọ́? Ariwo sọ! Ìyá Oníbọ́tìnnì ní òun náà ti ń fura tipẹ́ — ọkọ òun mọ iye tó wà lápò òun ju òun lọ. Ká tó ṣàdúrà ìparí, a ti fẹnu kò: owó ẹgbẹ́ ń kúrò níbẹ̀, tẹnikọ̀ọ̀kan náà ń kúrò. Báńkì máa ń sọ iye owó tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá wọlé. Owó wa ló pọ̀ jù nínú èyí tí Eyínfúnjowó ń wá wọlé. Kó lọ wá aránṣọ míì.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje
Wọ́n ti dá Eyínfúnjowó dúró lẹ́nu iṣẹ́. Baálé mi ò jẹun. Mo ní, ó mà ṣe o. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo jó.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje
Màmá ò tíì pè. Òrùlé ò jò. Kànga ò gbẹ. Iṣẹ́ ìyanu!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje
Baálé mi ní ẹ̀gbọ́n òun ti ríṣẹ́ míì. Wọ́n ń fi nǹkan bo etí, wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Mi ò béèrè ibi tó jẹ́. Kí ló kàn mí?

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje
Ọjọ́ pé. Owó ò jáde. Wọ́n ní kí n gbójú sí fóònù. Mo gbé e sí i. Wọ́n ní ojú mi ò jọ ti fọ́tò. Mo sáré lọ wọ wíìgì. Kò gbà — irun ìpéǹpéjú ti já dànù tipẹ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ sì ti ní bí òun ò bá rówó lónìí, òun á tà á fẹ́lòmíì. Dókítà Fóònù ní kí n pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́. Mo ní, ṣebí o ní kọ̀ǹpútà nìkan ni? Ó họrí. "Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ máa gbé fóònù, Màdáàmù."

Mo pè. Orin, orin. Lẹ́yìn náà obìnrin kan, ohùn bí oyin: ẹ kú ọ̀sán mà, kí ni mo lè bá yín ṣe? Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n dárúkọ. Mo dárúkọ.

Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan.

"Ìyàwó wa."

Eyínfúnjowó ni. Ó ní wíìgì inú fọ́tò yìí mà bá mi mu o. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á bá mi ṣí i, iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó ní owó náà pọ̀ gan-an, Ọlọ́run á bù sí i. Ó ní kí n bá òun kí ẹgbẹ́ aránṣọ. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ó ṣí i lóòótọ́. Mo ń wá nọ́ńbà ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kí n lè sanwó fún un, fóònù dún lọ́wọ́ mi. Màmá ni.